Bí A Ṣe Rí Ẹgbẹ́ Tuntun fún Bàbá Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń sùn, ṣé o sì ń jẹun kó tó di pé ebi dá ọ dùbúlẹ̀? Mo mọ̀ pé o máa ní dáadáa ni, torí bí o ṣe máa ń dáhùn láti kékeré nìyẹn, kódà nígbà tí ibà mú ọ tí à ń fi omi tútù nù ọ́ lára. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé tí kò ní géètì yóò máa ṣọ́ ọ níbi tí o wà. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ọ̀gá tó wà lórí rẹ kò sì ní jí lọ́jọ́ kan kí inú ẹ̀ kàn déédéé bàjẹ́ sí ọ. Àmín.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òrùlé ìdáná tó ń jò, bàbá rẹ ti dí i, ibòmíràn ló ti ń jò báyìí. Fóònù tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀, mo sì ń tọ́jú ẹ̀, aṣọ ni mo fi ń bò ó tí òtútù bá mú. Ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi àti bàbá rẹ jókòó tì í, a gbọ́ ọ. Mo dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀, mo bi ọ́ bóyá o ti rí yàrá tuntun, àmọ́ ńṣe lo kàn ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ, o ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ rárá. Mi ò bínú, ìlú ńlá lo wà, ẹ kì í ráyè. Àmọ́ ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyẹn, torí nínú lẹ́tà, èèyàn lè sọ tẹnu ẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ló gbé mi dé ìdí bébà yìí. Má fòyà, kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn. Àmọ́ mi ò lè sọ ọ́ láìkọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fún ọ, torí mo mọ̀ pé iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí o mọ ohun tó ń lọ láyé.

O mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ àti ti onígbàjámọ̀, pákó kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Ohun tí wọ́n bá sọ lọ́dọ̀ ẹ̀, bíi pé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni wọ́n ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ Onílà ni wọ́n máa ń sọ níbẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí bàbá rẹ fẹ́ràn, àwọn tó ń wọ aṣọ onílà. Mo ti rò pé tí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù ọdún parí, etí mi á sinmi. Mo tan ara mi jẹ. Ìgbà tí wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù gan-an ni ariwo bọ́ọ̀lù máa ń pọ̀, torí ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń tún ẹgbẹ́ kọ́, wọ́n á yọ àwọn kan kúrò, wọ́n á ra àwọn kan wọlé, gbogbo ẹni tó bá sì wá gé irun ló mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ àwọn òmìnira. Agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn ẹ̀ bá ti parí, tí kò sí ẹgbẹ́ tó ni ín mọ́, wọ́n ní ó ti di òmìnira nìyẹn. Tí o bá fẹ́ mú irú ẹni bẹ́ẹ̀, o ò ní san kọ́bọ̀ fún ibi tó ti ń bọ̀, àmọ́ nítorí pé o ò san án fún wọn, òun fúnra ẹ̀ lo máa san án fún kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Mo ro ọ̀rọ̀ yìí títí abẹ́rẹ́ fi gún mi lọ́wọ́. Ṣé o rí i, ẹni tí ẹnikẹ́ni ò ní, òun ló wọ́n jù. Ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn máa tò sí pẹ̀lú owó lọ́wọ́, tí òun á jókòó, tí á máa wo èyí tó wù ú. Irú ètò tó dáa báyìí wà láyé, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé "a" ni gbogbo wọn ń sọ. A fẹ́ ra agbáwájú, a ò gbọ́dọ̀ ná owó wa tán sórí ẹnì kan. Mo lọ bi bàbá rẹ bóyá ó ti kó owó ilé sínú ẹ̀. Ó ní rárá. Mo ní ṣé ti gbẹ́nàgbẹ́nà ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni. Ó ní gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń yáwó ra ìṣó, owó wo ló ní. Mo ní ta wá ni "a" yẹn. Ó ní kò lè yé mi. Àmọ́ ó ti yé mi báyìí, bí ìpàdé ẹbí ni, ẹni tí kò dá owó ni ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Mo tún rí àwòrán rẹ nínú fóònù tí o wọ aṣọ Onílà, tí orúkọ bàbá ẹlòmíràn wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo mọ̀ pé o yá a wọ̀ ni, òtútù ló mú ọ. Jọ̀ọ́, fọ̀ ọ́ kí o tó dá a padà fún ẹni náà.

Lọ́dún yìí, orí èèyàn méjì ni iyàn wọn dá lé. Ọ̀kan ni àgbà kan tó ń gbá ẹ̀yìn fún Onílà, tí wọ́n ń pè ní Ilẹ̀kùn Irin. Ọjọ́ orí ti dé sí i, wọ́n ní àwọn ọmọdé ti ń sáré kọjá lára ẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó. Èkejì ni ọmọkùnrin kan tó kun irun ẹ̀ ní àwọ̀ wúrà, Onírun Wúrà ni wọ́n ń pè é, òun ti di òmìnira ní tiẹ̀. Iye tó ń bèèrè kó tó tọwọ́ bọ̀wé, nígbà tí onígbàjámọ̀ dárúkọ ẹ̀, ẹni tó ń gé irun fún bi í bóyá wọ́n máa fi pápá bọ́ọ̀lù ṣe ènì.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ní kí wọ́n san án. Ó ní igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, kí wọ́n kó àwọn àgbà kúrò kí ẹgbẹ́ tó wó lé wọn lórí, torí pákó tí ikán bá ti wọ̀, a kì í kùn ún lọ́dà, yíyọ là á yọ ọ́. Bàbá rẹ ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àti pé Ilẹ̀kùn Irin kì í sáré torí ó ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí ẹni tó gbá a tó mọ̀. Onígbàjámọ̀ ní ti gólì ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Tí ọ̀rọ̀ bá sì ti dé orí gólì, á gbé ẹ̀rọ kúrò lórí oníbàárà kó lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe, kì í sì í rántí ibi tó gé dé. Ọ̀gá ilé ìwé fi irun apá kan lọ sí ìpàdé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́, tí wọ́n á jà tán, tí wọ́n á jọ rìn lọ sílé. Àfi ọjọ́ tí bàbá rẹ dé ibẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, tó yẹ kó ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń la igi. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìn pákó, mo rò pé bóyá iná ló lọ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iyàn bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà wá ní ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ti wúwo, kó fi ojú ara ẹ̀ rí i, kó yẹra fún ọmọdé, kó má dúró di ìgbà tí wọ́n máa tì í síta. Mo dá ẹ̀rọ mi dúró kí n lè gbọ́ èsì bàbá rẹ. Ìró bẹ́ńṣì ni mo gbọ́, mo yọjú. Ó dìde, ó fi fìlà ẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti rí ọ̀rẹ́ ẹ̀ lókèèrè, á gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn méjì tí wọ́n jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú, tí wọ́n jọ wá tọrọ èmi lọ́wọ́ àwọn òbí mi nítorí pé bàbá rẹ ń tijú. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà wá takú, ó ní òun ò mọ ohun tí òun ṣe, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lòun sọ. Mo ní lọ́kàn mi pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tó yá, bàbá rẹ jí láàárọ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́, kò lọ. Ibi tó ti jókòó sí etí ibùsùn tòun ti bàtà ló ti sọ ọ́ fún mi. Ó ní lọ́jọ́ tí òun tètè dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ yẹn, ọmọ ọ̀gá wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò bàbá ẹ̀, pe òun sí ọ́fíìsì, ó fún òun lága, ó pe òun ní bàbá dáadáa, ó ní àwọn pákó tí bàbá ń là ti ń wọ́, àwọn oníbàárà ń dá a padà, kí bàbá lọ máa sinmi, kí àwọn ọ̀dọ́ bọ́ sídìí ẹ̀rọ. Ó wá bọ òun lọ́wọ́. Ó ní bíbọ̀ yẹn ló dun òun jù, torí òun fúnra òun ló máa ń gbé ọmọ náà gun orí gẹdú nígbà tó wà ní kékeré. Ó ní òun ti tán.

Ó dùn mí, ọmọ mi. Ọkùnrin tí kì í jókòó tí oòrùn bá ti yọ, tó wá ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ojú mi ń là. Mo bi í bóyá àdéhùn òun àti wọn ti parí pátápátá. Ó ní pátápátá. Mo ní ṣé kò sí ẹni tó ni yín mọ́. Ó ní kí ni mò ń sọ. Mo ní a jẹ́ pé ẹ ti di òmìnira nìyẹn, ẹ dìde, ẹ lọ wẹ̀, àwọn èèyàn ò ní pẹ́ máa dé.

Ẹni òmìnira kì í dá bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó, aṣojú ẹ̀ ló máa ń sọ ọ́. Nítorí náà mo di aṣojú. Mo gbá iwájú ilé, mo gbé àga síta, mo ní kí bàbá rẹ má ṣe dáhùn tí ẹnikẹ́ni bá bi í ní ìbéèrè, kó kàn máa mi orí bí ẹni tó ń rò ó. Mo wá mú un dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti ya àwòrán tí ẹni tuntun máa ń na aṣọ sí àyà. Aṣọ tó wà nílẹ̀, ti ìyàwó onígbàjámọ̀ ni, kò burú lára ẹ̀. Àmọ́ fóònù yín yìí, mo kọjú ẹ̀ sí bàbá rẹ, èmi ló yà. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ. Ẹni tó la ẹnu níbẹ̀, èmi ni, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ló wà lọ́ọ̀ọ́kán.

Ó wá ku àyẹ̀wò ara, torí wọn kì í ra ẹnikẹ́ni láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bi wá pé kí ló ń ṣe bàbá. Mo ní kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n, a fẹ́ tà wọ́n ni. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu fúngbà díẹ̀, ó wá ní kò burú, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń tà. Ó tẹ orúnkún ẹ̀, ó ní ó le. Ó gbọ́ àyà ẹ̀, ó ní ó ń lọ geerege. Ó ní kí bàbá ka àwọn lẹ́tà tó wà lára ògiri. Bàbá rẹ ní lẹ́tà wo. Nọ́ọ̀sì ní àwọn ti ara ògiri yẹn. Bàbá rẹ ní ògiri wo.

Ojú ni, ọmọ mi. Kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ilà ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ń fà sórí igi kí wọ́n tó là á, kò rí i mọ́, àfojúdá ló fi ń ṣe é. Ó sì ti pẹ́ tó ti mọ̀, ó ní òun rò pé tí òun bá sọ ọ́, wọ́n máa lé òun ni. Nọ́ọ̀sì ní awò ojú ni kò ní, kò sí nǹkan mìíràn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ gbá nọ́ọ̀sì mọ́ra, torí ọjà wa yege.

Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún ọ, kò sí ẹni tó tò sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó wá, omi ni wọ́n bèèrè. Ẹnì kan tó ń sin adìẹ ní kí bàbá rẹ wá máa ṣọ́ ilé adìẹ òun, mo ní kó lọ fi owó kún owó, ẹni tó ta ọjà erùpẹ̀ ló máa ń gba owó òkúta, ọjà tiwa kì í ṣe erùpẹ̀. Bàbá rẹ ń jókòó sórí àga yẹn títí oòrùn á fi wọ̀, ó ń mi orí bí mo ṣe kọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan. Mo lọ sọ ọ́ fún oníbàárà mi kan ní ṣọ́ọ̀bù, mo sọ bí wọ́n ṣe dá a dúró níṣẹ́, mo sọ ti ojú. Mo gbàgbé pé pákó tó ń gbé ọ̀rọ̀ wọn wá bá mi, ó ń gbé tèmi náà lọ.

Kí n tó délé, gbẹ́nàgbẹ́nà ti wà ní yàrá wa pẹ̀lú fìlà bàbá rẹ lọ́wọ́. Bàbá rẹ kọ ẹ̀yìn sí i. Gbẹ́nàgbẹ́nà ní kí n bá òun sọ fún ọ̀rẹ́ òun pé òun ò mọ̀. Ó ní ká ní òun mọ̀ pé ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ní kó máa lọ ni, òun ì bá gé ahọ́n òun jẹ. Ó ní òun gba iṣẹ́ àga ilé ìwé, òun ń wá ẹni tó mọ igi là. Mo ní a ti gbọ́, owó ìtọwọ́bọ̀wé ńkọ́. Ó ní owó kí ni. Mo ní ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, ẹ ní ẹni òmìnira kì í wá lófo.

Kò bá mi jiyàn, ọmọ mi. Ó fọwọ́ sí àpò kan, ó fọwọ́ sí èkejì, kò rí nǹkan mú jáde. Ó wá bọ́ awò ojú ẹ̀ lójú, ó fẹ́ nà án sí bàbá rẹ, àmọ́ ó nà án sí ibi tí kò sí èèyàn nítorí òun náà ò rí ibẹ̀ mọ́. Ó ní ohun tí òun ní nìyẹn. Ó ní gbogbo pákó tí ikán wọ̀ tí òun ń sọ, ara òun lòun ń sọ, àyà ló ń já òun.

Bàbá rẹ yíjú padà. Ó gbà á, ó fi sójú. Èmi ló kọ́kọ́ rí. Ó wò mí títí, ó ní ìgbà wo ni orí mi funfun báyìí. Mo ní nígbà tí ẹ ń wo bọ́ọ̀lù. Ó ní ó yẹ mí. Mo lọ gbé omi kaná.

Láti ọjọ́ kejì ni bàbá rẹ ti wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ ẹ̀. Awò kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Ẹni tó bá wà lójú ẹ̀ á máa la igi, èkejì á máa sọ̀rọ̀ Onílà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ṣì ní kí wọ́n ra Onírun Wúrà. Àga tí wọ́n ṣe kò wọ́, àyàfi ọ̀kan tí wọ́n ti dé orí ọ̀rọ̀ gólì kí wọ́n tó kan ẹsẹ̀ ẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe ni pé kí o fi owó awò ojú ránṣẹ́, ti bàbá rẹ, kí a lè dá ti gbẹ́nàgbẹ́nà padà. Má fi sínú fóònù, mi ò rí ihò tí owó ń gbà jáde lára ẹ̀, fún awakọ̀ kó mú un bọ̀. Fi díẹ̀ kún un fún aṣojú, ó wà nínú òfin bọ́ọ̀lù. Tí o bá sì mọ ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì Onílà, jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹ ojú Ilẹ̀kùn Irin wò kí wọ́n tó ní kó máa lọ.

Ọlọ́run yóò tọ́jú rẹ. Ibi tí wọ́n bá ti mọyì rẹ ni ẹsẹ̀ rẹ yóò máa gbé ọ lọ. Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn kan bá tì mọ́ ọ, ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni yóò kan èkejì fún ọ. O ò ní ṣe àṣedànù, ojú rẹ kò ní fọ́, Ọlọ́run kò sì ní mójú kúrò lára rẹ. Àmín.

Bàbá rẹ ní mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí o gbọ́ pé wọ́n lé òun níbi iṣẹ́. Mi ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé ọ̀rẹ́ ẹ̀ rà á, gbogbo ohun tó ní ló sì fi rà á.

Èmi ni ìyá rẹ,
aṣojú bàbá rẹ.